Ẹyẹlé, Àdàbà àti Òrofó: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Wọ́n Láti Inú Ìtẹ́



Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dàbí ohun kékeré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá fi ẹyẹ mẹ́rin nínú ìdílé yìí han àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, èyí tí ń gbé inú ilé ni wọn yóò pè ní ẹyẹlé. Mẹ́ta tí ó kù, àdàbà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ òrofó, tí ara rẹ̀ dàbí ewé tútù. Bí orúkọ bá ti kú lẹ́nu ènìyàn, kì í pẹ́ tí ojú pẹ̀lú yóò fi fọ́ sí ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà. N kò lòdì sí i pé kí ọmọ wa mọ ẹyẹ inú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kí ó má mọ èyí tí ń ké lórí òrùlé bàbá rẹ̀, ìyẹn kò yẹ wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtẹ́, nítorí níbẹ̀ ni ìṣòro wà. Òròmọdìyẹ a la ojú, a sì máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kiri láìpẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ọmọ ẹyẹlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé, orí àti àgógó rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, irun rẹ̀ sì fọ́nká, ó pọ́n bí ìyeyè. Ẹni tí kò bá rí i rí kò ní gbà pé ẹyẹlé ni yóò dà. Ẹyin funfun méjì ni ẹyẹlé sábà máa ń yé. Akọ a máa sàba lé e láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, abo a sì gbà á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ 18, ẹyin a pa. Ti àwọn àdàbà yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún ojú ọmọ ẹyẹlé a là. Lẹ́yìn èyí ìyẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí yọ bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó tóbi tó ìyá rẹ̀, ènìyàn a sì lè ṣi ọmọ mú fún àgbà. Ẹ wo ojú rẹ̀: ti ọmọ ṣókùnkùn, ti àgbà pọ́n bí ẹyinná. Ẹ wo ẹran kékeré tí ó wú lórí àgógó: ti àgbà funfun bí ẹfun, ti ọmọ kò tíì funfun. Ẹ sì fetí sílẹ̀: ọmọ kì í kùn bí àgbà, híhan ni ó ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

Àdàbà méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin ìlú. Èyí ńlá ní ọ̀já dúdú kan lẹ́yìn ọrùn, ojú rẹ̀ àti awọ tí ó yí ojú náà ká sì pọ́n. Èyí kékeré kò ní ọ̀já. Àmì dúdú wínníwínní ni ó wà ní iwájú ọrùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dàbí ẹ̀rín ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Linnaeus, ará Sweden, fi orúkọ Sẹ̀nẹ̀gà pe èyí nínú ìwé rẹ̀ ní 1766, bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ni ẹyẹ náà mọ̀. Ọmọ àwọn méjèèjì ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ọ̀já ọ̀kan kò tíì hàn dáadáa, àmì èkejì kò sì tíì yọ. Ẹ wo apá: bí àwọ̀ eérú tí ó fẹ́ dà bí aró bá wà ní etí apá, ọmọ èyí kékeré ni. Bí ó bá sì tún rú yín lójú, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Òbí rẹ̀ ń bọ̀ wá bọ́ ọ.

Ní ti òrofó, kì í sábà sọ̀kalẹ̀. Orí ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni ilé oúnjẹ rẹ̀, a máa fi ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka bí odídẹrẹ́ láti já èso. Àgbà ní àmì kan ní èjìká tí ó dàbí àwọ̀ àlùkò. Ọmọ kò ní in, ewéko rẹ̀ nìkan ni a ó rí. Àwọn baba wa wí pé ẹnu òrofó ni ó ń pa òrofó, pé ó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún. Ẹni tí ó bá gun igi dé ìtẹ́ rẹ̀ yóò bá ẹyin kan tàbí méjì, kì í ṣe mẹ́fà. Èmi gbà pé àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, òun ni ìhàlẹ̀ ẹyẹ náà fi dùn létí. Níbi tí a bá ti gé ọdán ìta ọjà lulẹ̀, ẹ má ṣe retí òrofó níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan kù, àdàbà kékeré inú igbó, tí ó ní àmì bí ìlẹ̀kẹ̀ aró tí ń dán lára apá. Ọmọ rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kẹ̀ yìí dáadáa, àgógó rẹ̀ kò sì tíì pọ́n.

Nígbà òjò, àwọn ọmọdé a máa he ọmọ ẹyẹ tí ìjì já lulẹ̀ wá sílé. Wọn a la ẹnu rẹ̀, wọn a ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ bá a. Ìdílé yìí kì í la ẹnu gba oúnjẹ. Àgógó ni ọmọ ń ti bọ ẹnu òbí, níbi tí akọ àti abo ti ń pọ ohun kan tí ó dàbí wàrà jáde láti inú àpò ọ̀fun wọn. Nítorí náà, ẹ dá a padà sí ìtẹ́. Ọwọ́ ènìyàn tí ó kàn án kò ní kí òbí kọ̀ ọ́. Bí ìtẹ́ bá ti túká, ẹ tẹ́ koríko sínú agbọ̀n kékeré, kí ẹ so ó mọ́ igi kan náà, kí ẹ sì jìnnà síbẹ̀.