Ọkọ̀ Ogun Prometheus

Ọkọ̀ kan tí kò dé Iléṣà rí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ rántí rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907. Oru omi ló ń tì í: iná ń jó, omi ń hó, oru rẹ̀ a sì máa ti irin síwá sẹ́yìn títí kẹ̀kẹ́ yóò fi yí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Prometheus, ọkọ̀ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi igi kàn ní Sheerness, tí wọ́n sì tì sómi ní 1839. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà ní ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ń gbá omi bí àjẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yìí ní àléébù tirẹ̀. Ní 1845 wọ́n so ìdí Alecto, tí a kàn bákan náà pẹ̀lú Prometheus, mọ́ ìdí Rattler, tí àjẹ̀ tirẹ̀ ń yí lábẹ́ omi. Rattler wọ́ ọ sẹ́yìn bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ ọjà! Ṣùgbọ́n lójú ọba tí kò ní irú rẹ̀, ẹ̀rù ni.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1861, Prometheus wà ní ọ̀sà Èkó. Bedingfeld ọ̀gá ọkọ̀, àti McCoskry adelé kọ́ńsù, pe Ọba Dòsùnmú sínú rẹ̀, wọ́n ní kí ó fi Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Dòsùnmú kọ̀. Wọ́n ní àwọn yóò yìnbọn lu ìlú. Ará Èkó kò sì tí ì gbàgbé 1851, nígbà tí àgbá ọkọ̀ ogun ba ìlú jẹ́, tí Kòsọ́kọ́ fi sá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé.

Kí ló kan Ìjẹ̀ṣà níbẹ̀? Ó kàn wọ́n gan-an. Lára àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ogun kó lẹ́rú, àwọn kan ti Sàró àti Bràsíìlì padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Glover, ọmọ ogun ojú omi tó di olórí ìjọba níbẹ̀, ṣí ọ̀nà Oǹdó ní 1872. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé. Ìjọba Èkó kan náà ló rán àwọn alárinà tí a fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, tí Ìjẹ̀ṣà fi bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Èmi kò ní yin ọkọ̀ tí a fi dẹ́rù ba ọba lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó nínú ìtàn yìí.

Ní 1863 wọ́n ta Prometheus kí a lè tú u palẹ̀. Dòsùnmú tún gbé ọdún 22 láyé lẹ́yìn rẹ̀.