Bí òjò bá yí padà, kí ni igbó kìjikìji máa ń ṣe? Ọ̀rọ̀ fún àwa ọmọ Yorùbá ní Abidjan



Púpọ̀ nínú wa ló ti wọ bọ́ọ̀sì láti Èjìgbò wá sí Abidjan rí. Bí ẹ bá wo ìta láti ojú fèrèsé, ẹ ó ti rí i pé bí ẹ ṣe ń wọ Bénin ni igbó ń tán lọ. Láti ibẹ̀ dé Lomé àti Accra, koríko, ọ̀pẹ àti igi kéékèèké ló pọ̀. Ẹ̀yìn Accra, bí ẹ bá ń sún mọ́ Takoradi, lẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí igbó.

Òjò wà lára ohun tó fà á. Òjò tó ń rọ̀ ní Accra lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi 800 milimítà. Ti Abidjan pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Bénin wò. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ayé àtijọ́ tí wọ́n bá nínú rẹ̀ fi hàn pé igbó wà níbẹ̀, kó tó di pé òjò dín kù ní nǹkan bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn.

Kí ni igi ń ṣe tí òjò bá dín?

Igi tí òǹgbẹ ń gbẹ máa ń pa ihò wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ dé kí omi má baà lọ. Àmọ́ ihò yẹn náà ló fi ń gba afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe oúnjẹ, nítorí náà ìdàgbàsókè rẹ̀ á dín kù. Àràbà àti arère, tí wọ́n ń pè ní samba níbí, máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tó fẹ́ràn òjìji àti ọ̀rinrin kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Àwọn ọmọ igi tí gbòǹgbò wọn kò tíì jìn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 fi èyí hàn ní Ghana. Láàárín nǹkan bíi 20 ọdún tí ọ̀dá fi ń dà wọ́n láàmú, igbó ibẹ̀ kò pa rẹ́. Àwọn igi tó ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, tí àwọn tó ń gbé abẹ́ òjìji sì ń dín kù. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ewé ṣì tutù, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ igbó náà ti ń pààrọ̀ ara rẹ̀.

Ìgbà tí àáké bá ran ọ̀dá lọ́wọ́

Igbó tútù kì í sábà gbaná. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé igi ńlá inú rẹ̀, oòrùn á wọlé, ewé ilẹ̀ á gbẹ, iná á sì rí nǹkan jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà ọ̀dá 1982 sí 1983: iná jó igbó àti oko kòkó ní Côte d'Ivoire àti Ghana.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n fojú bù ú pé igbó orílẹ̀-èdè yìí tó mílíọ̀nù 16 hẹ́kítà. Nígbà tí ìjọba ṣírò rẹ̀ tó sì gbé e jáde lọ́dún 2021, kò pé mílíọ̀nù 3 mọ́.

Banco, igbó ìlú wa

Láàárín Yopougon, Abobo, Adjamé àti Attécoubé ni igbó Banco wà, nǹkan bíi 3,400 hẹ́kítà, tó ti jẹ́ ọgbà ìjọba láti ọdún 1953. Òjò tó rọ̀ sórí rẹ̀ ń rin ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, inú omi abẹ́ ilẹ̀ tí ìlú yìí ń fà mu. Ẹni tó bá gégi níbẹ̀, tàbí tó da ìdọ̀tí síbẹ̀, omi ẹnu ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Agbára wa kò ká òjò, ṣùgbọ́n ó ká àáké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kòkó, ẹ má ṣe gé gbogbo igi tó ń ṣíji bò ó. Ẹ fi àwọn igi ńlá sílẹ̀, kí ilẹ̀ lè tutù títí òjò á fi dé.

Àwọn àgbà wa ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má dúró dìgbà tí ewé bá gbẹ tán.