Ẹ Bi Ọkọ̀ Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnì

  Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi, mo sì mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná, nítorí òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi níbí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ ọ̀la iṣẹ́ ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó jáde ilé-ìwé lọ́dún yìí ní Douala. Mi ò mọ ọjọ́ ọ̀la. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mí, ohun tó ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é, ohun kan ṣoṣo ló sì dá mi lójú nínú gbogbo rẹ̀: ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó bi ẹni tó ni ín.

Ẹ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Youpwé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, nọ́ńbà ló máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Ọ̀gá, họ́ọ̀sì 40 ni mo fẹ́." "Patron, 75 ńkọ́?" Àwọn ará ibí tilẹ̀ máa ń ka ẹṣin gan-an, chevaux, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ so wọ́n mọ́ ìdí ọkọ̀ kí wọ́n máa jẹ koríko. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé, báwo ni ìdí ọkọ̀ mi ṣe ga sí? Kí ló lè gbé?

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹja ni, kò burú jù. Yamaha 40 Enduro tí gbogbo apẹja mọ̀ ní etíkun wa yìí, two-stroke, ẹ́ńjìnì tó máa ń dárí jini ni. O so ó wọ́, ó gbé ẹja délé. Epo dọ̀tí, ó wúkọ́ díẹ̀, ó tún lọ. Àwọn Ìlàjẹ tó ti ń pẹja létíkun Kamẹrúùnù kí n tó dé ibí, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú kábúrétọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ìsáré àtijọ́ ni kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tó kúrú, tó fúyẹ́, tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ, tí ikùn rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Íǹṣì kan ṣoṣo tí o bá ṣì, yóò sọ fún gbogbo odò.

Ìgbókòdá ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Ayétòrò ni ọ̀gá mi, ìlú etí òkun tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí ọkọ̀ kíkàn jẹ́ iṣẹ́ ìlú fún wọn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Pákó gbọọrọ kan tó tọ́ àti téèpù ni ó fún mi. Kí n fi pákó yẹn sí abẹ́ ọkọ̀, kó yọ kọjá ìdí ọkọ̀ títí dé abẹ́ ẹ́ńjìnì, kí n wá sọ ohun tí mo rí. Ojoojúmọ́. Mo ti rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Awo pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpẹ́là. Òun ni mò ń wò: ṣé ó wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú pákó ni, ṣé ó rì sísàlẹ̀ ni, ṣé ó ga jù ni? Tó bá rì, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì yóò máa wọ́ nínú omi bí ẹni tó wọ kẹ̀ǹbẹ̀ la odò kọjá. Ọkọ̀ tó wúwo, ẹ jẹ́ kó wà lọ́gbọọgba. Ọkọ̀ ìsáré, ẹ lè gbé e ga níwọ̀n íǹṣì kan, nígbà mìíràn kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sáré sí i, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ yóò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá ibi tó yẹ, pùròpẹ́là yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì yóò máa pariwo lásán, ojú ihò tó ń fa omi tútù yóò fa atẹ́gùn dípò omi. Ẹ́ńjìnì kò ní tọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rántí: ẹ́ńjìnì tí kò bá tọ̀, ẹ pa á kó tó pa ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, íǹṣì 15, 20 àti 25 ló wọ́pọ̀. Ẹ wọn ìdí ọkọ̀ láàárín gbùngbùn, kì í ṣe létí. Mo ti rí ẹni tó ra ẹlẹ́sẹ̀ 25 fún ọkọ̀ onígíga 20, tó ní òun yóò "mú un ṣe". Kí ló fẹ́ fi mú un ṣe? Àdúrà?

Pùròpẹ́là ńkọ́? Ẹ yí i padà, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì, ká ní 13 àti 19. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀. Ti èkejì ni ibi tí yóò gbé ọkọ̀ dé bó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, bí omi bá le bí èkọ tó ti dì. Omi kì í ṣe èkọ, nítorí náà díẹ̀ máa ń sọnù. Ọkọ̀ ìsáré tí wọ́n so dáadáa, kò yẹ kó pàdánù ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé e lọ sórí omi pẹ̀lú ẹrù tó máa ń gbé, ẹ fà á dé òpin, ẹ wo aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì. Bí ìwé ẹni tó ṣe é bá ní 5000 sí 5500, tí tiyín dúró sí 4600, pùròpẹ́là yẹn ti wúwo jù fún un, ẹ dín nọ́ńbà kejì kù. Íǹṣì kan máa ń mú yíyí lọ sókè ní bíi 150 sí 200. Ẹni tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gun òkè lójoojúmọ́, písítìn ni yóò sanwó rẹ̀.

Mo ti ń gùn ún jù. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi tó ń dùn mí.

Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wíwọ̀n. Tí mo bá kọ owó iṣẹ́ sórí ìwé, mo kọ "síso ẹ́ńjìnì", oníbàárà á ní ó dára. Mo kọ "wíwọ̀n àti dídán wò lórí omi, ọjọ́ méjì", ó á mú bírò, á fà á rẹ́ lójú mi. Ọ̀kan tilẹ̀ bi mí pé ṣé òun ni yóò máa sanwó ìgbádùn mi lórí odò ni? Ìgbádùn! Nínú odò Wouri tí gẹdú léfòó kún inú rẹ̀, tí ewéko orí omi ń dì mọ́ pùròpẹ́là, tí àwọn awayanrìn ń gba àárín odò kọjá láìní iná! Ẹ ó bá èyí pàdé níbi iṣẹ́ yòówù tí ẹ ń lọ. Apá iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là, kì í hàn nínú fọ́tò. Ní 1973, wọ́n gbé fíìmù James Bond kan jáde tí ọkọ̀ Glastron kan fò ní 110 ẹsẹ̀ bàtà nínú afẹ́fẹ́ ní Louisiana. Gbogbo ayé rí fífò. Ta ló mọ̀ pé wọ́n ní láti gbé ìjókòó awakọ̀ wá sáàárín kó má baà yí dànù, tí ọkọ̀ tó ṣẹ́ nígbà ìdánwò sì ju ọ̀kan lọ dáadáa?

Wàyí o, èmi náà. Ní 2011, ọ̀gá ńlá kan láti Bonapriso gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Òyìnbó kan ló fi sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tó ń lọ ilé rẹ̀. Ó lẹ́wà! Àwọ̀ wúrà tó ń dán wà lára rẹ̀ bí aṣọ òkè. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, two-stroke àtijọ́, kò tó 150 kílò. Ọ̀gá fẹ́ four-stroke họ́ọ̀sì 200, tuntun, tó lé ní 220 kílò. Mo fi òòlù kékeré lu ìdí ọkọ̀. Pákó tó yè máa ń dáhùn, kó-kó-kó. Eléyìí dáhùn bù-bù, bí ìgbà tí èèyàn ń lu aṣọ tútù. Mo lu ihò kan sínú rẹ̀ nísàlẹ̀, igi dúdú tó rin ló tẹ̀lé irin jáde. Pákó tó wà láàárín fáíbà yẹn ti jẹrà pátápátá.

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ owó. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní: "Ṣé o lè so ó, àbí o ò lè so ó?"

Mo ní: "Mo lè so ó, sà."

"Sà" yẹn ló ṣe gbogbo rẹ̀. Mo so ó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le. A jáde láti Youpwé lọ síhà ẹnu odò, ọ̀gá wà nídìí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wà lẹ́yìn. Nígbà tí agbára wà ní ìdajì, ọkọ̀ dúró dáadáa. Ó fà á dé òpin. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ṣí àpótí tí wọ́n kàn pa. Ẹ́ńjìnì dà sẹ́yìn, imú ọkọ̀ yọ sókè, a yí bìrí. Okùn pupa tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ló pa ẹ́ńjìnì, òun ló yọ wá. Ọmọ yẹn fi apá gbá etí ọkọ̀, apá náà ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n fà wá dé èbúté, ọ̀gá ń pariwo, èrò ti pé jọ. Mo sì ṣí ẹnu mi, mo ní ọmọ náà ni kò fún nọ́ọ̀tì le.

Ó wò mí. Apá rẹ̀ ti wú tó itan. Kò sọ nǹkan kan.

Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí kí n tó lọ bá ìyá rẹ̀ nílé wọn ní New Bell. Mo sọ òtítọ́ fún un. Obìnrin náà bu omi fún mi, mi ò lè mu ún. Ọmọ náà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, ní Tiko. Tí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa ń ní kí wọ́n gbé e padà, yálà ó jẹun lọ́jọ́ náà tàbí kò jẹun. Mo pè é wá síbí lónìí. Ó ní òun níṣẹ́.

Ọmọ mi, ìwọ tí o wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù, tí o ń wo ilẹ̀, gbé orí sókè. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni o máa wọṣẹ́, pé o óò máa jókòó nínú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí o óò máa ta ẹ́ńjìnì. Inú mi dùn. Inú ìyá rẹ dùn jù mí lọ. Wọn yóò máa ka iye tí o tà lóṣooṣù fún ọ. Ẹni tó ní owó 200 yóò jókòó níwájú rẹ, ọkọ̀ 115 sì wà nílé rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí o máa bi í. Mi ò bi ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Nílé ni, lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má rò pé ẹ bọ́. Ìwọ tó gba ẹ̀bùn ìṣirò, ìgbà wo ni ọwọ́ rẹ dọ̀tí kẹ́yìn?

Ọ̀gá Bonapriso yẹn fi ọkọ̀ ìsáré náà san gbèsè tó jẹ mí, nítorí kò fẹ́ rí i mọ́. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gé ìdí rẹ̀ kúrò, mo gbẹ́ igi tó jẹrà tán, mo fi plywood tuntun àti resini kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi wá ẹ́ńjìnì Evinrude kan fún un, nítorí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí. Ẹ́ńjìnì tó dára ni, Ole Evinrude ọmọ Norway ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2020, ẹ́ńjìnì tí mi ò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Douala, ère lásán ni lójú mi. Yamaha 115 àlòkù ni mo rà, V4, two-stroke, bíi 160 kílò. Pùròpẹ́là mẹ́ta ni mo ti dán wò. Mo gbé ẹ́ńjìnì náà sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú àwọn ihò tí a fi ń so ó, ó wọ́ bí kẹ̀ǹbẹ̀ tí mo wí. Mo gbé e sókè ihò kan, ó yá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń fò sókè-sódò bó bá ti ń sáré. Mo rò pé ibi tí mo gbé bátìrì sí ni.

Sátidé tó ń bọ̀, tí omi bá kún, màá gbé bátìrì lọ síwájú, màá tún gbé ẹ́ńjìnì náà sókè ihò kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wá nínú yín, kó mú téèpù tirẹ̀ dání, kó má sì wọ bàtà tó dára wá sí Youpwé.