Ṣẹ́ẹ̀sì Lábẹ́ Afárá Òṣòdì
Ìtọ́sọ́nà àfínnúfíndọ̀ṣe, ìyẹn ni kí àgbà yọ̀ǹda àkókò rẹ̀ láìgba owó láti máa tọ́ ọmọ tí ìgboro fẹ́ gbé lọ, hàn kedere nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa, tí Túndé Ọnàkọ̀yà dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2018. Lábẹ́ afárá Òṣòdì ní ọdún 2021, wọ́n tẹ́ pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ayò tí à ń fi làákàyè ta, síwájú àwọn tí aráyé ń pè ní ọmọ ìta. Ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ ro ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò já sí kí ó tó gbé ọmọ ayò, ẹ̀kọ́ ńlá sì ni èyí fún ọmọ tí kò mọ ibi tí oúnjẹ alẹ́ yóò ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pípadà tí olùkọ́ ń padà wá ló ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ọnàkọ̀yà fi wákàtí 60 ta ayò náà ní Times Square, New York, kí owó lè wà fún ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.