Ewu Iṣẹ́ Ẹ̀rọ àti Ìlera Ọpọlọ Òṣìṣẹ́

Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò: ọwọ́ tí kò gé, ẹsẹ̀ tí kò rọ. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ńkọ́? Òun ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí.

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Palmgrove, tí ó sì yà sí apá Ṣómólú, kò ní í pẹ́ gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Iṣẹ́ tí ó gbayì ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gé bébà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin bébà àti ìka. Pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ fi ń fọ tàdáwà kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ọjọ́ ìdúnàádúrà bá sì sún mọ́, wọn a fi òru ṣe ọ̀sán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ewu yìí ń gbà dé ọpọlọ. Èkíní ni májèlé. Òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé láyé àtijọ́, òjé a sì máa sọ ènìyàn di onígbàgbé àti oníbìínú. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti rí wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Òórùn epo tí ènìyàn ń fà símú fún ọdún pípẹ́ náà a máa fa ìgbàgbé àti ìrẹ̀wẹ̀sì. Èkejì ni ìdágìrì: ọgbẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ gé lè jinná, kí àyà rẹ̀ ṣì máa já nígbàkúùgbà tí ó bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni àìsùn àti àníyàn.

Bí ìwà òṣìṣẹ́ bá wá yí padà, àwọn kan a ní ọtí ni, àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nítorí náà, ẹbí a gbé e pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábàá, nítòsí, láti ọdún 1907.

Ìpamọ́ yìí ní àdánù mìíràn. Òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, ka ìpalára ọpọlọ tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a ń sanwó lé lórí. Ó ka ọmọ iṣẹ́ náà mọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò jẹ́rìí sí i. Ẹni tí a gbé pamọ́ kò rí dókítà. Ẹni tí kò rí dókítà kò ní ẹ̀rí. Ó pàdánù ìlera, ó tún pàdánù ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ kọ́ ni yóò di ọmọ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ wọn láti ṣí fèrèsé, láti sinmi, àti láti tètè sọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò.