Èérí Irun Kì Í Ṣe Ọwọ́ Ayé: Ọ̀rọ̀ tí Alága Ẹgbẹ́ bá Àwọn Ìdílé Sọ

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó ti oríṣiríṣi ìlú wá fi Kánò ṣe ibùgbé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ irun orí ni. Ẹnì kan lè wí pé kí ló kan alága ẹgbẹ́ nínú irun àwọn obìnrin? Ó kàn mí, nítorí ẹjọ́ irun ti dé iwájú ìgbìmọ̀ wa. Ìyàwó ilé kan tú irun tí ó ti dì fún oṣù méjì ààbọ̀, irun sì ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bí òwú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé onídìrí tí ó bá a dì í ni ó mú irun rẹ̀ lọ. Ìdílé méjì tí wọ́n jọ ti ìlú kan náà wá kò kí ara wọn mọ́. Àwọn oníbàárà sì sá fún onídìrí náà, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń fi iṣẹ́ yìí san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àwa tí a wà nílẹ̀ àjò bá ń fura sí ara wa, ta ni a tún ní?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọṣẹ àti ìpara ni mo ń tà ní Sábó níbí, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo wọn, tí mo sì ń bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí kò bá yé mi. Ohun tí ó yé mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má rò pé mo wá polówó ọjà o, nítorí ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kí ẹ dín ìpara kù.

Kí ni èérí irun? Awọ orí wa ń ṣe òróró tirẹ̀, ó sì ń làágùn. Awọ tí ó ti kú ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. A wá fi ìpara kún un, a tún fi jẹ́ẹ̀lì kún un. Ọyẹ́ kò sì fi wá sílẹ̀: láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ ń fẹ́ wọ inú irun, ìpara a sì mú un bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá kóra jọ, á di ohun funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí irun. Irun á gan, kò ní dán mọ́, òòyà á máa há nínú rẹ̀. Bí a bá da omi sí i, omi á máa yọ̀ bọ́ bí ìgbà tí a da omi sójú ewé kókò.

Omi tí a fi ń fọ orí tún wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì fura sí i. Àwọn ìyá wa máa ń ráhùn pé ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń rà láti ilé kò dára mọ́, pé ó ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ lórí ọmọ. Ẹ má dá ọṣẹ lẹ́bi. Eérú pẹ̀lú epo tàbí àdín ni àwọn baba ńlá wa fi ń ṣe é, òun náà ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é. Omi ni ó lè yàtọ̀. Omi òjò kì í ní ohun púpọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n omi kànga àti omi bóhóòlù ń gba àárín òkúta kọjá, ó sì lè kó àwọn èròjà bí calcium àti magnesium. Bí ọṣẹ bá pàdé wọn, wọn a so pọ̀, wọn a di èépá tí omi kò lè yọ́. Èépá yìí ni ẹ ń rí tí ó yí etí bàsíà ìwẹ̀ ká. Òun náà ni ó ń kù sórí irun.

Ẹ lè dán an wò nílé láìná kọ́bọ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ wá ìgò méjì tó mọ́. Ẹ bu omi òjò sí ọ̀kan, ẹ bu omi tí mai ruwa gbé wá sí èkejì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ ju ọṣẹ funfun tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Omi tí ọṣẹ hó nínú rẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mọ́, omi tó rọ̀ nìyẹn. Èyí tí ọṣẹ kò hó nínú rẹ̀, tí ó ṣú bí omi ògì, òun ni omi tí kò gbọ́ ọṣẹ.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ẹ̀kíní, ẹ máa fọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ó pẹ́ tán. Ẹ fi ọmọ ìka fọ awọ orí, kì í ṣe èékánná. Èkejì, bí omi yín kò bá gbọ́ ọṣẹ, ṣáńpù ló sàn, nítorí ọ̀pọ̀ ṣáńpù kì í ṣe ọṣẹ gan-an, kì í sì í di èépá bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ṣàn án dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ lè po ṣíbí fínígà kan mọ́ ife omi kan, kó dà á sí irun lẹ́yìn ọṣẹ, kó sì fi omi ṣàn án kúrò. Kíkan rẹ̀ ni ó ń tú èépá náà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi omi là náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí a bá jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ gbẹ sára, tí oòrùn sì pa á, ó lè bó awọ bí iná. Ẹ má lò ó lórí tó ní egbò, ẹ má sì jẹ́ kó kán sójú ọmọ. Ẹ̀kẹrin, ẹ máa gbe omi òjò láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Èyí tó kọ́kọ́ ṣàn láti orí páànù, ẹ dà á nù. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi ìpara bo èérí mọ́lẹ̀. Orí tó mọ́ ni à ń fi òrí pa, díẹ̀ sì tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ tàbí kánún fọ orí. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì yọ gúlúù wífọ́ọ̀nù. Iná ń bẹ nítòsí nínú ilé wa, èéfín bẹntiróòlù kì í sì í dúró de ìṣáná kó tó sún mọ́ ọn. Òróró ni ẹ fi rọ̀ ọ́. Ẹ má sì ṣe rílásà sórí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ họ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀. Orí èèyàn máa ń ní irun bí 100,000. Irun 50 sí 100 ló ń bọ́ lójúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká. Bí irun bá wà ní títú, òòyà á kó o lọ, a kò ní mọ̀. Bí ó bá wà ní dídì, irun tó bọ́ kò ríbi lọ. Oṣù méjì ààbọ̀ jẹ́ ọjọ́ 75. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: irun 3,750 sí 7,500 ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u, pẹ̀lú èérí tó dì í mọ́ra. Ta ni yóò rí i tí kò ní pariwo? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mú un lọ. Ẹ wo ìdí irun náà: èyí tó ti tó àkókò láti bọ́ máa ń ní kókó funfun kékeré ní ìdí, èyí tó já kò ní. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló fi èyí han àwọn ìdílé méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀. Nítorí náà, kí wífọ́ọ̀nù má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí. Bí ẹ bá ń tú irun, ẹ fi òróró rọ ibi tó lọ́, ẹ fi ọwọ́ tú u láti ṣóńṣó wá sí ìdí kí omi tó kàn án.

Mi ò sọ pé gbogbo ìṣòro orí ni èérí o. Bí ojú irun níwájú bá ń sá sẹ́yìn, dídì tó le jù lè jẹ́ ohun tó ń fà á tu. Ẹ ní kí onídìrí dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fọ orí dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta tí èépá funfun ṣì ń ṣí, tí ó ń yún, ìforífórí lè ni. Bí orí ọmọ bá pá ní róbótó, tí irun ibẹ̀ kán kù díẹ̀, làpálàpá orí lè ni. Ó máa ń ràn láti ara òòyà àti ẹ̀rọ ìgẹrun. Ìpara nìkan kì í tán an, nítorí kì í dé gbòǹgbò irun. Oògùn tí à ń gbé mì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni dókítà máa ń fún ọmọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo rọ ẹgbẹ́ wa láti gba nǹkan mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má fẹ̀sùn kan onídìrí nítorí irun kí nọ́ọ̀sì tó wo orí náà. Kí àwọn onídìrí wa máa fọ òòyà kí wọ́n tó lò ó fún ẹlòmíràn, kí wọ́n sì máa sọ ọjọ́ tí ó yẹ kí oníbàárà wá tú irun. Kí ìgbìmọ̀ àwọn ìyá sì máa kọ́ àwọn ìyàwó tuntun tó bá ti ilé dé nípa omi ìlú yìí, kí ọ̀rọ̀ má bà á dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìjà.

Orí wa kò ní burú. Ilẹ̀ tí a wà yìí yóò gbè wá, a ó kó ire délé.