Kérékou: Ọ̀gágun tó gbà láti sọ̀kalẹ̀

Ẹ ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí Mathieu Kérékou. A mọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ń fẹ́ ká tún òfin ẹgbẹ́ kọ, kí alága wa lè ṣe sáà kẹta.

Ọdún 1933 ni wọ́n bí Kérékou ní Kouarfa, lápá Natitingou. Iṣẹ́ ológun ló kọ́, ní Kati, ní Saint-Louis, títí dé Fréjus ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972 ló gbàjọba. Àwa tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, a jó. Maga, Apithy àti Ahomadégbé tí wọ́n ń fi ìjọba ṣe àyípo ti sú wa.

Ní 1974, ó ní ọ̀nà Marx àti Lenin la ó máa tọ̀. Ní 1975, Dahomey di Bénin. Gbogbo wa di kámáràdì. Bí tẹlifóònù bá dún ní ọ́fíìsì, "Prêt pour la révolution!" lẹ máa kọ́kọ́ wí, kí ẹ tó béèrè ẹni tó ń pè. À ń fi í rẹ́rìn-ín lónìí. Nígbà náà, ta ló jẹ́ rẹ́rìn-ín? Ẹ̀wọ̀n Ségbana wà níbẹ̀. Wọ́n sì pa Aikpé, mínísítà rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ní 1975. A ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀ nítorí pé ọkùnrin náà ti di olóògbé.

Nígbà tó fi di 1989, àwọn báǹkì ìjọba ti dojú dé. Oṣù ń parí, òṣìṣẹ́ kò rówó gbà, àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ Marx, ó pe ìpàdé gbogbo orílẹ̀-èdè sí Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì 1990. Mọnsẹ́nyọ̀ Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Níhìn-ín lábẹ́ òkè wa, rédíò la yí ká. Àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ pè jókòó tán, wọ́n ní ìpinnu àwọn ló ju tiẹ̀ lọ! Ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn sójà rẹ̀ o. Ẹ̀rù bà wá. Ó gbà.

Ní 1991, Soglo fìdí rẹ̀ janlẹ̀ nínú ìbò, ó lọ sílé. Wọ́n ti ṣe é kí wọ́n má pè é lẹ́jọ́. Inú bí wa sí ìyẹn nígbà náà. Lónìí, à ń rò ó pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun á rí ilé sùn ni yóò tètè dìde lórí àga.

Ó padà wọlé ní 1996, àti ní 2001. Nígbà tí 2006 ń bọ̀, sáà méjì ti pé, ó sì ti lé ní 70 ọdún tí òfin wí. Àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ní kó tún òfin kọ. Kò ṣe é. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ló gbé ìjọba fún Yayi Boni.

Alága wa kò pa ẹnikẹ́ni, kò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, ó sì ti ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ ka òfin ẹgbẹ́ sókè lójú gbogbo wa kí a tó dìbò. Bó bá sì sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ fún un ní àga láàárín yín, kó má dà bí ẹni tí a lé.